Ìṣọ́ Olójú Méjì: Wolé-wolé, Òṣùwọ̀n Ọmọ àti Ìtàn Ìkìlọ̀ Àrùn ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Múṣin

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó ní ojú méjì. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọmọ, ààbò ni ó ń fi bò ó. Ẹni tí ó ń ṣọ́ olè, ó fẹ́ mú un ni. Ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń ṣọ́ ni ó máa ń mọ ìyàtọ̀ náà lára. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìlera bá ń sọ̀rọ̀ nípa ètò tí àwọn ará àdúgbò fi ń ṣọ́ àìsàn àti bí àwọn ọmọdé ṣe ń jẹun sí, kí ìkìlọ̀ lè dé kí àjàkálẹ̀ àrùn tàbí ebi tó wọlé, ìṣọ́ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìtàn Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Múṣin, àdúgbò mẹ́ta tí wọ́n fara kan ara wọn, ìṣọ́ méjèèjì ti lọ́ mọ́ ara wọn fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àpilẹ̀kọ yìí yóò tọpasẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, yóò sì bèèrè ohun tí ó ná àwọn ìyá àti àwọn ọmọ wọn.

Kí ìjọba tó dá ọ́fíìsì ìlera kankan sílẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti ń ṣọ́ àìsàn. Bí àgbà bá sọ pé ilẹ̀ gbóná ní ìlú kan, kò sí ìdí láti tún dárúkọ àrùn. Àlejò ti mọ̀ pé kò yẹ kí òun dé ibẹ̀. Àwọn orúkọ tí a fi ń yẹra fún pípe Sọ̀pọ̀ná, irú bí Olóde, jẹ́ ọ̀nà ìbọ̀wọ̀ fún òrìṣà, wọ́n sì tún jẹ́ ìkìlọ̀ tí ń rìn láti ẹnu dé ẹnu. Ní ti oúnjẹ, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sí ìwé: ìyá tí ó bá rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ tí ó há ọmọ lóṣù kan ti ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun ń rù. Ohun tí yóò ṣe sí i ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó lè sọ pé àbíkú ni, ó lè wá àgbo, ó sì lè gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Ìmọ̀ náà wà, ó sì tètè ń dé. Ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni kì í fìgbà gbogbo tọ̀nà.

Ojú tí ìjọba amúnisìn fi wo irú ìmọ̀ báyìí kò dára. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà, tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá fúnra rẹ̀, wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà Sọ̀pọ̀ná ní bòókẹ́lẹ́, ó sì jáde wá sọ pé àwọn kan nínú wọn ń tan àrùn náà kálẹ̀. Ní 1917 ìjọba fi òfin de ìsìn náà. A kò fẹ́ gbèjà ẹnikẹ́ni tí ó bá tan ìgbóná kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí i pé àwọn abọ̀rìṣà kan náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí ìgbóná ti bẹ́ sílẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń pè. Nígbà tí òfin pa ìsìn lẹ́nu mọ́, ó pa olùkìlọ̀ lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú.

Wolé-wolé ni ó wá gba ipò náà. Ẹ wo bí a ṣe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí: ilé ni ó ń wò. Kò wo ènìyàn, kò wo ọmọ, kò wo ìkòkò ọbẹ̀ bí kò ṣe láti mọ̀ bóyá wọ́n dé e lórí. Àmù omi ni ó ń yọjú sí láti wá tanwíjí, bí ó bá sì rí i, ìwé ìpè láti ilé ẹjọ́ ló kàn. Ní Èkó, ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ yìí jù lọ ni Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Olúwọlé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Glasgow kí ó tó padà wá di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò igbákejì ọ̀gá ìlera ìlú Èkó. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé láti gbogbo ẹ̀ka Nàìjíríà. Bí orúkọ bàbá àti ọmọ ṣe jọ orúkọ iṣẹ́ tí ọmọ náà gbé ga yóò ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rìn-ín nígbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwọlé ni ti ọ̀kan, wíwolé ni ti èkejì.

Ìdánwò ńlá dé ní 1924, nígbà tí àrùn eku tí àwọn òyìnbó ń pè ní plague bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Àrùn yìí ní ìwà kan tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu: eku ni ó ń kọ́kọ́ pa. Ẹni tí ó ń gbé inú yàrá tí eku ti ń kú lábẹ́ àjà ni ó ń rí àmì ṣáájú dókítà èyíkéyìí. Ṣé yóò sọ? Bí ó bá sọ, wọ́n lè kó o lọ, kí wọ́n fi oògùn fín ilé rẹ̀, tàbí kí wọ́n wó o palẹ̀. Níbi tí ìkìlọ̀ bá ti di ẹ̀sùn lórí ẹni tí ó ṣe é, ìkìlọ̀ kò ní tètè jáde. Olúwọlé fúnra rẹ̀ mọ èyí, nítorí ó gbájú mọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé: ó ṣètò àyẹ̀wò fún wọn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí ó jẹ́ ìṣọ́ tí ó fún òbí ní nǹkan. Ṣùgbọ́n tanwíjí àti ilé ẹjọ́ ni àwọn ará ìlú fi mọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Lára èso àrùn eku yìí ni Yábàá tí a mọ̀ lónìí. Ní 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń tún Èkó ṣe sílẹ̀, tí a mọ̀ sí LEDB, wọ́n sì fa ilẹ̀ Yábàá ní títì àti ojúlé kí àwọn tí wọ́n ń há mọ́ ara wọn ní erékùṣù lè ráyè mí. Láti 1955, ìgbìmọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. A lè sọ láìṣàsọdùn pé ìkìlọ̀ ìlera ni ó bí Sùúrùlérè. Ìtàn a máa kọjá ibẹ̀ yẹn ní kíákíá, bí ẹni pé ilé tuntun, omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá tí ó dára ni òpin ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe òpin. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tí wọ́n kù sí erékùṣù, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ó bá pàdé ni pé ìṣípòpadà náà já okùn tí ó so ìdílé pọ̀. Ní agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyá àgbà, àbúrò bàbá àti ìyàwó ilé ń rí ara wọn lójoojúmọ́. Ní Sùúrùlérè, ọkọ̀ ni wọ́n ní láti wọ̀ kí wọ́n tó kí ara wọn, owó ọkọ̀ náà kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn obìnrin tí ń ta ọjà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn sọ oníbàárà nù. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ àdúgbò tí a ti mọ̀ wọ́n nù. Ilé dára sí i, owó sì dínkù.

Ẹ jẹ́ kí a ka ẹ̀rí yìí bí ìtàn oúnjẹ, nítorí kò jọ pé ẹnikẹ́ni kà á bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Bí ìyá kan bá ń gba àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìgbà tí ọjà kò tà, a kì í kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Bí àǹtí kan bá wo ọrùn ọmọ, tí ó ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, ọmọ yìí ti rù o, kí ni ẹ ń fún un jẹ?”, ètò ìkìlọ̀ ni ìyẹn, kò sì ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Agboolé ní àwo ọbẹ̀, ó sì ní ojú tí ń wo ọrùn ọmọ. Nígbà tí a tú u ká ní orúkọ ìmọ́tótó, wolé-wolé tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Múṣin gba ọ̀nà mìíràn. Kò sí nínú ààlà ìlú Èkó. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ni ó wà títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe di ibi tí ẹni tí kò rí ilé ní Èkó ń sá lọ, tí ilé sì ń hù láìsí ẹni tí ó fa ilà sílẹ̀. Sandra Barnes, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1986, fi hàn bí àwọn onílé ṣe di alágbára níbẹ̀, bí ẹgbẹ́ wọn ṣe ń parí ìjà, tí wọ́n sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórúkọ àdúgbò. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju ariwo tí a sábà máa ń pa nípa ìdọ̀tí Múṣin lọ. Bàbá onílé mọ ayálégbé tí ó wọlé lánàá, ó mọ ẹni tí kò jáde láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó jẹ́ wolé-wolé tí ń gbé inú ilé, ṣùgbọ́n owó ilé ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe ọmọ.

Ibi tí ìṣọ́ ọmọ ti wá rí ọ̀nà tirẹ̀ kì í ṣe Èkó rárá; ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Ní àwọn ọdún 1930, Cicely Williams ti ṣàpèjúwe kwashiorkor ní Gold Coast, ó sì lo orúkọ tí àwọn Gã fún un, orúkọ tí ó ń tọ́ka sí àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀ ń bọ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1950, David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí ara wọn ti wú, tí irun wọn ti pọ́n, ń dé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù. Ó wá lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí òun àti nọ́ọ̀sì Margaret Woodland ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà ìbí wọn, tí wọ́n sì ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù.

Ohun tí òṣùwọ̀n fi hàn rọrùn láti sọ: ọmọ kì í ṣubú lulẹ̀ lójijì. Kí ara tó wú, ìwọ̀n ọmọ a ti dúró sójú kan fún oṣù bíi mélòó kan. Ìyá rẹ̀ kò ní rí i, nítorí ojoojúmọ́ ni ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì ìwọ̀n oṣù kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, tí a sì fa ilà so wọ́n pọ̀, ilà tí ó yẹ kí ó máa gòkè a tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilà títẹ́ yẹn ni aago ìkìlọ̀. Morley ya ilà méjì sórí ìwé náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó sì pe àárín wọn ní ọ̀nà ìlera. Kò tán síbẹ̀. Wọ́n tún ya àwọn ọmọ kan sọ́tọ̀ tí ó yẹ kí a fi ojú púpọ̀ sí lára: ìbejì, ọmọ tí a bí ní kékeré jù, ọmọ ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú ṣáájú, ọmọ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ kú tàbí tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀, ọmọ tí measles ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ ka àwọn wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ìyá àgbà kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kò lè kà wọ́n fún dókítà náà kí ó tó dé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yí ìtàn padà jù lọ ni ẹni tí ó ń mú ìwé náà lọ sílé. Àwọn ilé ìwòsàn ìgbà náà gbà pé ìwé àìsàn jẹ́ ti dókítà, tí akọ̀wé yóò máa tọ́jú sínú àpótí. Morley fi sínú àpò rọ́bà, ó sì fún ìyá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yóò sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá kò sọ ọ́ nù. Ìwé wolé-wolé máa ń pe ènìyàn lọ sí ilé ẹjọ́. Ìwé yìí ń pe ìyá láti padà wá ní oṣù tí ń bọ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Ìmẹ̀sí tí kò jìnnà sí i, tí kò sì ní irú ètò bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé kéré. Ìwé àwòṣe Morley tàn dé gbogbo ayé.

Ogun abẹ́lé mú irinṣẹ́ mìíràn wá. Ní ilẹ̀ Ìgbò, níbi tí ebi ti pọ̀ ju ohun tí òṣùwọ̀n lè kápá lọ, àwọn òṣìṣẹ́ Quaker fi okùn wọn apá ọmọ, wọ́n sì fi ọ̀pá wọn gíga rẹ̀. Èyí tí apá rẹ̀ bá kéré jù fún gíga rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ní oúnjẹ. Wọ́n pe ọ̀pá náà ní QUAC. A óò tún pàdé okùn yìí.

Bí ìmọ̀ Ìmẹ̀sí-Ilé ṣe padà dé Mainland gba ọ̀dọ̀ Ìdí-Àràbà kọjá. Olíkóyè Ransome-Kútì, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, ni ó darí ilé-ẹ̀kọ́ ìlera ọmọdé níbẹ̀, tí ó ní ilé ìtọ́jú ní òpópónà Gbájà ní Sùúrùlérè, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti dókítà nìkan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó di mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ó gbé ìlànà ìlera alábọ́ọ́dé kalẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà sí ilé kọ̀ọ̀kan, kí ìwé ìlera sì wà nínú ilé. Ẹ kíyè sí i: wíwo ilé náà ti padà dé, ṣùgbọ́n ènìyàn inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá ní báyìí.

Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ kíákíá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú, wíwọn ọmọ di àṣà tí a ń ṣe kí a lè gba abẹ́rẹ́. Wọ́n á gbé ọmọ kọ́, wọ́n á pe nọ́ńbà, wọ́n á kọ ọ́, ìyá á sì máa lọ. Ẹnikẹ́ni kò fa ilà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fà á, kò sí ẹni tí ó sọ fún ìyá pé ó ti tẹ́. Àríwísí yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Káàkiri ayé ni àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ ní òpin àwọn ọdún 1980 pé òṣùwọ̀n láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu kò gba ọmọ là.

Ní àkókò kan náà ni ìtìjú mìíràn ṣẹlẹ̀. Yábàá ni ìgbìmọ̀ Rockefeller tẹ̀dó sí láti 1925 láti wádìí ibà pọ́njú, Èkó ni Adrian Stokes kú sí ní 1927 lẹ́nu iṣẹ́ náà, Yábàá sì ni Nàìjíríà ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1987, ibà pọ́njú pa ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Abẹ́rẹ́ wà, ìròyìn ni kò tètè rìn. Láti inú àjálù yẹn ni ètò ìròyìn àrùn ti orílẹ̀-èdè ti jáde ní 1988, tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìròyìn kí ó sì gbé e lọ sókè. Ètò ìgbógun ti rọpárọsẹ̀ ni ó wá fi ẹran bo egungun náà: wọ́n wá àwọn agbẹ̀bí, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn tí ń ta oògùn ní kẹ́mísì, wọ́n ní kí wọ́n pe àwọn bí wọ́n bá rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì. Àwọn irú ènìyàn tí òfin 1917 lé dànù ni wọ́n tún padà lọ bẹ̀.

Gbogbo èyí ni ó wà nílẹ̀ nígbà tí Patrick Sawyer dé Èkó ní 20 oṣù keje, 2014, pẹ̀lú Ebola lára. Dókítà Stella Améyọ̀ Adádévọ̀h ní Ọbaléndé kọ̀ láti jẹ́ kí ó lọ, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Yàrá àyẹ̀wò ní Ìdí-Àràbà wà lára àwọn tí ó fi àrùn náà hàn; ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá ni wọ́n kó àwọn aláìsàn lọ. Wọ́n gbé àwọn òṣìṣẹ́ rọpárọsẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n wá àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn. Ènìyàn 894 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọjọ́ 21 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n ṣe tó 18,500. Ènìyàn 20 ni ó ní àrùn náà, 8 kú, ní 20 oṣù kẹwàá àjọ ìlera àgbáyé sì kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

A ti sọ ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí àlọ́. Ìbéèrè tí a kì í sábà bèèrè ni ìdí tí àwọn ènìyàn fi ṣílẹ̀kùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìròyìn èké kan mú kí àwọn ènìyàn máa mu omi iyọ̀, tí wọ́n sì ń fi wẹ̀ ní òru, tí àwọn kan sì ti ipa rẹ̀ kú. Nítorí náà kì í ṣe pé ìlú gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba. Lójú tèmi, àtúnbẹ̀wò ni ìdáhùn. Òṣìṣẹ́ kan náà ni ó ń padà wá lójoojúmọ́, tí ń bèèrè bí o ṣe sùn, tí ń wọn ìgbóná ara. Ní ọjọ́ kẹta, kò jọ wolé-wolé mọ́; ó ti jọ ẹbí. Ojú agboolé ni wọ́n tún dá padà fún ọjọ́ 21, ní owó ìjọba.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń rù kò ran aládùúgbò. Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ oúnjẹ fi ń lọ́ra, kì í ṣe nítorí pé kò sí irinṣẹ́. Okùn apá ti ìgbà ogun ti padà dé, ó ti ní àwọ̀ mẹ́ta, ó sì ti dé ọwọ́ àwọn ìyá fúnra wọn: ní Niger, láti àwọn ọdún 2010, wọ́n kọ́ ìyá láti fi wọn apá ọmọ rẹ̀ nílé, bí ó bá sì bọ́ sí pupa, ìyẹn ni pé kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, kí ó gbé e lọ fún ìtọ́jú láìdúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá wọ̀n ọ́n dáadáa.

Ní Múṣin, àmì mìíràn wà tí kò tilẹ̀ nílò okùn. Ìyá tí ń ta gàrí mọ oníbàárà tí ó máa ń ra kóńgò, ó mọ ìgbà tí ó bọ́ sí dérícà, ó sì mọ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ bèèrè fún agolo mílíìkì. Kò bi í ní nǹkan; ó kàn gbọn ẹnu agolo náà díẹ̀ kí ó lè kún sí i. Ní oṣù keje 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì. Láti ìgbà tí owó ọkọ̀ ti fò sókè ní ìparí oṣù karùn-ún ni àwọn ìyá alágolo ti ń gbọn agolo, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dúró nídìí igbá wọn kí ó bi wọ́n ohun tí wọ́n rí.